Ọmọ Tí Ń Po Oògùn Nínú Ẹ̀rọ

Mo mọ̀ pé ọ̀pọ̀ nínú yín ni ó ń ka ojú-ìwé yìí nínú ọkọ̀ ojú irin bí ẹ ti ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ gùn jù bí ó ti yẹ lọ. Ohun tí mo gbé wá lónìí dá lórí ìwé àkọsílẹ̀ kan tí ìyá kan rí nínú àpò ọmọ rẹ̀ ọkùnrin, àti ohun tí ìwé náà fẹ́rẹ̀ẹ́ dá sílẹ̀ nínú ilé wọn.

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, ní nǹkan bí aago mẹ́sàn-án, ìyá náà pè mí lórí fóònù. A jọ wà nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan náà ní Lọ́ńdọ̀nù níhìn-ín ni, kì í sì í ṣe ẹni tí í pariwo. Ṣùgbọ́n lálẹ́ ọjọ́ náà, ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n. Ó ní, "Àǹtí, ẹ gbà mí o. Ọmọ mi ti ń ṣe oògùn. Májèlé ni ó ń kọ sínú ìwé." Ó ka díẹ̀ fún mi nínú ohun tí ó rí: orúkọ òdòdó kan tí ó túmọ̀ sí agogo ikú, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ òmìrán, ìyẹ́ labalábá, iye tí a ń ta ìgò kọ̀ọ̀kan, àti gbólóhùn kan tí ọmọ náà fa ìlà sí nídìí pé òun jẹ ewé kan wò, ó sì pa òun lára. Ọmọ ọdún 16 ni. Baba rẹ̀, tí ó wà lẹ́nu iṣẹ́ òru, ti sọ lórí fóònù pé kí wọ́n máa wá owó ọkọ̀ òfuurufú, pé kí ọ̀sẹ̀ méjì tó pé, ọmọ náà yóò ti wà lọ́dọ̀ àbúrò òun ní Ìbàdàn.

Àwọn òbí méjèèjì ti fún mi láyè láti sọ ìtàn yìí fún àǹfààní ẹ̀yin yòókù, bí mo bá ti lè fi orúkọ wọn pamọ́. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìgbáyégbádùn ẹbí ni mo ń ṣe, mo sì mọ bí àyà àwọn ènìyàn wa ti máa ń já bí wọ́n bá gbọ́ orúkọ iṣẹ́ náà. Kì í ṣe ẹnu iṣẹ́ ni mo ti lọ sí ilé wọn. Gẹ́gẹ́ bí ará àti ọ̀rẹ́ ni. Síbẹ̀, kí n tó fi ẹsẹ̀ kan inú ilé, mo sọ fún ìyá náà pé bí mo bá rí ewu gidi lórí ọmọ, n kò ní lè dákẹ́. Ó ní òun gbà. Mo yìn ín fún èyí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ Àìkú, mo bá ọmọ náà nínú yàrá ìgbàlejò, ó dorí kodò, ìwé náà wà lórí tábìlì bí ẹrù olè tí a kó síwájú adájọ́. N kò bi í pé kí ló ṣe. Mo ní, "Fi hàn mí." Ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó wo ojú mi, ó dìde, ó sì tan tẹlifíṣọ̀n. Bí gbogbo ọ̀rọ̀ náà ti já sí eré orí ẹ̀rọ nìyẹn.

Orúkọ eré náà ni Skyrim. Ilé-iṣẹ́ Bethesda Game Studios ní Amẹ́ríkà ni ó ṣe é, ọjọ́ 11 oṣù Kọkànlá ọdún 2011 ni ó sì kọ́kọ́ jáde. Òun ni ìkarùn-ún nínú ọ̀wọ́ eré tí wọ́n ń pè ní The Elder Scrolls. Ilẹ̀ tí kò sí lórí àwòrán ayé ni ó dá lé, ilẹ̀ òkè àti yìnyín, tí dírágónì ń fò kiri lójú ọ̀run rẹ̀. Ẹni tí ń ṣeré náà yóò dá ènìyàn kan sílẹ̀, yóò fún un lórúkọ, yóò sì máa darí rẹ̀ láti ìlú dé ìlú. Ó lè sọ ọ́ di jagunjagun, ó lè sọ ọ́ di alágbẹ̀dẹ, ó lè sọ ọ́ di olè pàápàá. Ọmọ tí à ń wí yìí sọ tirẹ̀ di oníṣègùn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé bí iṣẹ́ náà ti rí, nítorí òbí tí kò mọ eré kò lè bá eléré sọ̀rọ̀. Èròjà wà káàkiri ilẹ̀ náà: òdòdó létí ọ̀nà, olú nínú ihò àpáta, àlìkámà nínú oko, labalábá tí ń fò kọjá. Èròjà kọ̀ọ̀kan ní agbára mẹ́rin nínú, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ já a kò mọ ọ̀kankan. Bí ó bá jẹ ẹyọ kan, yóò mọ agbára àkọ́kọ́. Mẹ́ta tí ó kù, nípa pípo èròjà pọ̀ lórí tábìlì oníṣègùn ni yóò ti máa ṣàwárí wọn. Méjì tàbí mẹ́ta ni a lè pò lẹ́ẹ̀kan, òfin ibẹ̀ sì le: bí kò bá sí agbára kan tí ó kéré tán méjì nínú wọn jọ ní, oògùn kò jẹ́, èròjà sì ti ṣòfò. Nítorí náà ni ọmọ náà ṣe ra ìwé. Ó fa ìlà sí i bí ìwé ìṣirò oníṣòwò: orúkọ èròjà, agbára rẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, ibi tí ó ti rí i, iye tí oògùn rẹ̀ ń mú wá.

Àlìkámà àti òdòdó orí òkè aláwọ̀ aró ni ó kọ́kọ́ fi hàn mí. Àwọn méjèèjì ní agbára ìwòsàn, àwọn méjèèjì sì ní agbára tí ń fi kún ìlera. Bí a bá pò wọ́n, ìgò kan ṣoṣo yóò ṣe iṣẹ́ méjèèjì. Lẹ́yìn èyí, ó mú òdòdó yìí kan náà, ó pò ó mọ́ ìyẹ́ labalábá aláwọ̀ aró. Ohun mìíràn ni ó jáde. Apá kan oògùn náà ń ran ẹni tí ń pe ẹ̀dá àìrí lọ́wọ́, apá kejì ń dí agbára idán ẹni tí ó mu ún lọ́wọ́ láti padà bọ̀ sípò. Ó ní, "Òdòdó kan náà ni, Àǹtí. Ohun tí a pò ó mọ́ ni ó yàtọ̀." Mo rí i pé ìyá rẹ̀ gbé orí sókè.

Mo bi í léèrè nípa agogo ikú. Ó ní òdòdó àléésè ni, inú àbàtà ni ó máa ń hù, ẹni tí ó bá sì jẹ ẹ́ nínú eré náà, ìlera rẹ̀ yóò dín kù. Gbólóhùn tí ó kó ìpayà bá ìyá rẹ̀ nìyẹn. Ènìyàn inú ẹ̀rọ ni ó jẹ ẹ́. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí àga, ó ń jẹ ìpékeré. Irú èròjà bẹ́ẹ̀ ni a fi ń po májèlé tí a ń fi pa ojú idà tàbí orí ọfà, májèlé náà a sì ṣiṣẹ́ fún ìgbà kan ṣoṣo tí a bá fi ohun ìjà náà lu ọ̀tá.

Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ti ṣòwò rí yóò gbádùn èyí tí ó kàn. Ẹni inú eré náà kò lè ru ohun gbogbo tí ó bá rí. Ìwọ̀n 300 ni ó lè gbé ní ìbẹ̀rẹ̀. Bí ẹrù bá ti kọjá ìwọ̀n rẹ̀, kò lè sáré mọ́, kò sì lè fò láti ìlú kan dé èkejì lójú àwòrán ilẹ̀. Ẹsẹ̀ ni yóò máa wọ́ lọ. Òdòdó kan kò ju 0.1 lọ, ṣùgbọ́n ìgò oògùn kan jẹ́ 0.5. Nítorí náà, òdòdó méjì tí ìwọ̀n wọn jẹ́ 0.2 yóò di ẹrù 0.5 bí a bá ti sọ wọ́n di oògùn. Oníṣègùn tí ó gbọ́n kì í pò ó síwájú àkókò. Yóò gbé èròjà dé ìlú, yóò pò ó nítòsí ìsọ̀, yóò sì tà á lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀. Owó ọwọ́ àwọn òǹtajà náà ní ìwọ̀n pẹ̀lú. Bí ó bá tán, àfi kí ènìyàn dúró títí ọjọ́ méjì ti ilẹ̀ náà yóò fi kọjá, tàbí kí ó fi oògùn ṣe pàṣípààrọ̀ èròjà. Ìmọ̀ oníṣègùn ń gòkè títí dé 100, iye owó oògùn tí ó bá pò ni ó sì ń gbé e sókè. Nítorí èyí ni ọmọ yìí fi ń wá àtàǹpàkò òmìrán kiri: bí a bá pò ó mọ́ àlìkámà, owó ńlá ni.

Ó tún sọ àdánù kan tí ó bá a. Ní ìbẹ̀rẹ̀, kò ní ilé nínú eré náà. Ó kó èròjà tí ó fi ọ̀pọ̀ ọjọ́ ṣà sínú àgbá kan tí ó rí lójú ọjà, ó sì bá ọ̀nà tirẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi padà, kò bá nǹkan kan. Ìgbà náà ni ó tó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ́jú owó, títí ó fi pé 5,000 wúrà tí ó fi ra ilé ní ìlú tí wọ́n ń pè ní Whiterun, tí ó sì tún san 500 lé e fún tábìlì oníṣègùn. Àfikún eré náà tí ó jáde ní ọdún 2012, tí wọ́n ń pè ní Hearthfire, fún un láyè láti ra ilẹ̀ kọ́ ilé, kí ó sì gbin èròjà sí ọgbà ara rẹ̀ dípò kí ó máa rìn kiri. Ọmọ tí ìyá rẹ̀ sọ fún mi pé kò lè fi póùn márùn-ún pamọ́ di ọjọ́ Wẹ́sídé ni ó ń ṣàlàyé gbogbo èyí.

Nígbà tí ọmọ náà lọ bu omi mu, mo yíjú sí ìyá rẹ̀. Mo rò pé yóò rẹ́rìn-ín. Omijé ni mo rí. Ohun tí ó sọ fún mi nígbà náà ni ó mú mi kọ ọ̀rọ̀ òní, ó sì gbà kí n sọ ọ́. Eléwé ọmọ ni ìyá tí ó bí i lọ́mọ. Ní Ọjà Ọba ní Ìbàdàn ni ó ti ń ta ewé, egbò àti èèpo igi, owó rẹ̀ ni ó sì fi rán gbogbo àwọn ọmọ rẹ̀ lọ sí ilé-ìwé. Ṣùgbọ́n ní ilé-ìwé náà, "ọmọ eléwé" ni àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń pè é, wọ́n a sì máa sá fún oúnjẹ rẹ̀, wọ́n ní kò sẹ́ni tí ó mọ ohun tí ó wà nínú rẹ̀. Nígbà tí ó dé Lọ́ńdọ̀nù, ó pinnu pé òun kò ní sọ ọ̀rọ̀ náà fún ẹnikẹ́ni, àti fún ọkọ, àti fún ọmọ. Òǹtajà lásán ni wọ́n mọ ìyá àgbà sí. Ó ní, "Nígbà tí mo rí ìwé yẹn, Àǹtí, mo rò pé ohun tí mo sá fún ni ó tẹ̀lé mi wọ ọkọ̀ òfuurufú."

Ẹ̀yin ará, ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níbí yìí. Lẹ́nu iṣẹ́ mi, mo ti rí i ní àìmọye ìgbà pé ìbẹ̀rù tí òbí ń bẹ̀rù lórí ọmọ kì í fi gbogbo ìgbà ti ara ọmọ wá. Nígbà mìíràn, ẹrù tí a kò tíì sọ̀ ni. Ọmọ ṣi ìwé, òbí rí ojú ọ̀nà ilé-ìwé tí wọ́n ti ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Bí a kò bá ya méjèèjì sọ́tọ̀, ọmọ ni yóò san gbèsè tí kò jẹ.

Mo gbà á nímọ̀ràn pé kí ó pe ìyá rẹ̀. Ó pè é lálẹ́ ọjọ́ náà gan-an, ojú ìyá àgbà sì yọ lórí fóònù. Ọmọ náà gbọ́ Yorùbá, ṣùgbọ́n bí ẹni tí ń rin orí òkúta ni ó ti ń sọ ọ́. Ìyá rẹ̀ ń gbà á sọ níbi tí kò bá yé e. Ìyá àgbà fi ara balẹ̀ gbọ́ ọ tán.

Ó ní, "Ta ni ó kọ́ ọ?"

Ọmọ ní, "Kò sẹ́ni, Màmá. Mo ń tọ́ ọ wò ni."

Màmá fi igbe ta. "O ń tọ́ kí ni wò? Ewé tí o kò mọ orúkọ rẹ̀? Ẹnìkan kì í tọ́ ewé wò o!" Ó gba ìṣẹ́jú mélòó kan kí ìyá rẹ̀ tó là á yé e pé ènìyàn inú ẹ̀rọ ni ó ń jẹ ẹ́. Síbẹ̀, kò fi bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ lọ́rùn. Ó ní nígbà tí ìyá tirẹ̀ ń kọ́ òun níṣẹ́, ọdún kan gbáko ni òun fi gbá ilẹ̀ ìsọ̀, tí òun fi ń di ewé, kí wọ́n tó gba òun láyè láti dá orúkọ ewé pè níwájú oníbàárà. Ó ní ewé méjì lè jọra bí ìbejì, kí ọ̀kan wo ọmọ sàn, kí èkejì sì sin ín. Nígbà tí ọmọ náà wá sọ̀rọ̀ àgbá ojú ọjà fún un, ẹ̀rín pa á. Ó ní, "Òǹtajà tí ó tọ́jú ọjà rẹ̀ sínú àgbá onílé, kí ni ó ń retí?" Ó sì bi í pé èló ni ó ń ta ìgò kan.

Mo fẹ́ kí ẹ fi ọ̀rọ̀ ìyá àgbà yìí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ gan-an ni ewu tòótọ́ wà. Eré náà ń kọ́ ọmọ pé jíjẹ ewé wò ni ọ̀nà àti mọ̀ ọ́n. Nínú ẹ̀rọ, ìyà rẹ̀ kò ju kí ìlera dín díẹ̀ lọ. Ní ìta, ọ̀ràn ikú ni. Ọ̀kan nínú èròjà eré náà ń jẹ́ nightshade. Ewéko tòótọ́ kan wà ní Bírítéènì tí wọ́n ń pè ní deadly nightshade. Èso rẹ̀ dúdú, ó ń dán, ó sì lè fa ojú ọmọdé mọ́ra, ṣùgbọ́n atropine inú rẹ̀ lè pa ènìyàn. Atropine yìí kan náà, ní ìwọ̀n kínkín, ni oníṣègùn ojú ń lò láti la ẹyinjú sílẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni foxglove, òdòdó aláwọ̀ àléésè tí ó pọ̀ nínú ọgbà àwọn aládùúgbò wa: májèlé ni, síbẹ̀ ní ọdún 1785 ni oníṣègùn William Withering tẹ ìwé jáde lórí bí a ti lè fi í ṣe ìtọ́jú. Ìwọ̀n àti ìmọ̀ ni ó wà láàrin oògùn àti májèlé. Ẹ sọ èyí fún ọmọ yín, àgàgà àwọn kékeré. Bí ọmọ bá jẹ ewé tàbí èso tí ẹ kò mọ̀, ẹ má ṣe dúró de ìgbà tí ara rẹ̀ yóò yí padà, ẹ má sì fi epo pupa tàbí omi iyọ̀ mú un bì. Ní Bírítéènì, ẹ pe 111 fún ìmọ̀ràn, tàbí 999 bí ó bá ti ń dákú tàbí tí mímí ń ni í lára. Ní Amẹ́ríkà, 1-800-222-1222 ni nọ́ńbà àwọn tí ń gbani nímọ̀ràn lórí májèlé, 911 sì ni ti pàjáwìrì. Ẹ mú díẹ̀ lára ewé náà dání lọ sí ilé ìwòsàn kí wọ́n lè dá a mọ̀.

Ohun kejì ni ọjọ́ orí. Mo wo páálí eré náà níṣojú àwọn òbí. Àmì 18 ti PEGI ni ó wà lára rẹ̀ níhìn-ín. Ní Amẹ́ríkà, M ni, èyí tí ó túmọ̀ sí ọdún 17 sókè. Láti ọdún 2012 ni òfin Bírítéènì ti ka á léèwọ̀ fún òǹtajà láti ta eré tí ó gba àmì 12, 16 tàbí 18 fún ọmọ tí kò tó ọjọ́ orí náà. Òǹtajà ni òfin yìí dè. Kò sọ òbí di ọ̀daràn. Ṣùgbọ́n àmì náà kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Kì í ṣe òdòdó àti olú ni ó fà á, bí kò ṣe ìpànìyàn àti ẹ̀jẹ̀ tí ó kún inú eré náà. Ta ni ó rà á fún ọmọ ọdún 16? Ìyá rẹ̀ ni. Ọjọ́ ìbí rẹ̀ ni ó rà á, kò sì wo àmì ara páálí. Mélòó nínú wa ni í wò ó?

Fún àwọn tí ọmọ wọn kéré, tí ó sì fẹ́ràn ìpo-oògùn, eré Minecraft wà, tí àmì tirẹ̀ jẹ́ 7 ní ìhà ọ̀dọ̀ wa yìí. Níbẹ̀ pẹ̀lú, ọmọ yóò bu omi sínú ìgò, yóò gbé ìgò mẹ́ta sórí ìdáná oògùn lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì máa fi èròjà kún un ní ẹsẹẹsẹ. Èrò àti ètò ibẹ̀ kò kéré, ẹ̀jẹ̀ kò sì sí níbẹ̀.

Ohun kẹta kan àwa fúnra wa. Bí ọmọ wa bá lè há agbára mẹ́rin-mẹ́rin èròjà ilẹ̀ tí kò sí láyé sórí, kí ni ó dé tí kò mọ ìdí tí a fi ń fọ ewúro, tàbí ohun tí efinrin ń ṣe fún inú rírun? Àwọn mìíràn ti fi ìmọ̀ wa ṣe ìwé. Ní Brazil, ní ọdún 1995, Pierre Verger tẹ ìwé ńlá kan jáde tí ó pe orúkọ rẹ̀ ní Ewé, lórí bí àwa Yorùbá ti ń lo ewéko. Egbò asófẹ́yẹjẹ ni àwọn baba wa fi ń rọ orí wèrè. Ní ọdún 1952 ni àwọn onímọ̀ yọ oògùn reserpine jáde lára ìbátan igi náà tí ó wà ní Íńdíà, àwọn oníṣègùn òyìnbó sì lò ó fún ẹ̀jẹ̀ ríru àti àìsàn ọpọlọ. N kò sọ pé kí ẹ máa fún ọmọ lágbo dípò dókítà, n kò sì ní kí ẹnikẹ́ni ṣe ohun tí ìgbàgbọ́ rẹ̀ kọ̀. Ohun tí mo ń sọ ni pé ìmọ̀ kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀, iṣẹ́ ìyá ẹni kì í sì í ṣe ohun ìtìjú.

Ẹ óò fẹ́ mọ ibi tí ọ̀rọ̀ náà já sí. Baba ọmọ náà dé láàárọ̀ ọjọ́ Ajé, ó sùn, ó jí, ó sì ní kí ọmọ wá fi eré náà han òun pẹ̀lú. Ó jókòó tì í fún wákàtí kan. Ó gbádùn apá òwò rẹ̀ dáadáa, títí dé ibi tí a ti bẹ́ ènìyàn lórí. Ó dìde, ó ní eré náà di inú àpótí títí ọmọ yóò fi pé ọdún 18. Inú ọmọ náà kò dùn, títí di bí mo ti ń kọ̀wé yìí, inú rẹ̀ kò tíì dùn. Mo rò pé baba náà ṣe ohun tí ó tọ́, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún ọmọ náà lójú. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìyàtọ̀ tí ó wà níbẹ̀: wọ́n gba eré lọ́wọ́ rẹ̀ nítorí ohun tí ó wà nínú eré náà ní tòótọ́, kì í ṣe nítorí ẹ̀sùn tí kò mọ̀wọ́ tí kò mẹsẹ̀. Ọ̀rọ̀ ọkọ̀ òfuurufú ti wọlẹ̀. Wọ́n yóò lọ sí Ìbàdàn, àmọ́ nígbà ìsinmi ilé-ìwé ni, tìyá tọmọ ni yóò sì jọ lọ, wọn yóò sì jọ padà. Ìyá náà ti sọ fún ọkọ rẹ̀ irú iṣẹ́ tí ìyá rẹ̀ ṣe. Ọkọ ní òun ti mọ̀ láti ọdún tí òun ti lọ tọrọ rẹ̀, pé òun ń retí kí ó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́ ni.

Ìwé àkọsílẹ̀ náà wà lọ́wọ́ ọmọ. Wọ́n dá a padà fún un.

Bí ẹ bá rí irú rẹ̀ nínú ilé yín, ẹ jọ̀wọ́, ẹ ṣe nǹkan mẹ́ta kí ẹ tó pariwo. Ẹ ní kí ọmọ fi hàn yín, kí ẹ sì jókòó títí yóò fi parí ọ̀rọ̀. Ẹ wo àmì ọjọ́ orí tí ó wà lára páálí, kí ẹ sì ṣe ìpinnu bí òbí. Lẹ́yìn náà, ẹ bi ara yín léèrè bóyá ọmọ ni ẹ̀rù rẹ̀ ń bà yín, tàbí ohun kan tí ẹ ti gbàgbé sílé. Abéèrè kì í ṣìnà. Ọmọ tí a bá kọ́kọ́ fi ẹ̀sùn kàn, ẹnu rẹ̀ a dì; ọjọ́ tí ewu tòótọ́ bá dé, kò ní lè sọ fún wa.

Ó di ìtẹ̀jáde tí ń bọ̀, bí Ọlọ́run bá dá ẹ̀mí sí. Kí Olúwa bá wa wo àwọn ọmọ wa yè. Ire o.